Ìríran ọ̀nà jíjìn tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe: ṣé ohun tí a lè fi owó kọ́ ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni mò ń ṣe, mo sì ń ṣe fọ́rẹ́ẹ̀sì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Mo rí ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní remote viewing. Ẹni tó ń kọ́ni ní òun yóò kọ́ mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bí mo ṣe lè jókòó sínú yàrá kí n sì rí ohun tó wà níbi tí ẹsẹ̀ mi kò dé rí, títí kan bí dọ́là yóò ṣe rí lọ́la. Ó ní iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ni, pé CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, náwó lé e lórí, àti pé ìwé wọn wà níta gbangba. Mo lọ wo ìwé náà, ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyá mi àgbà jẹ́ aríran ní ìjọ aláṣọ funfun, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Owó tí wọ́n ń béèrè tó owó ilé mi ọdún kan. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni, ṣé kí n san án?"

Ìdáhùn: Arákùnrin mi, mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó san owó, nítorí púpọ̀ nínú lẹ́tà tí mo ń rí gbà lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀yìn tí owó ti lọ tán ni wọ́n ń dé. Ohun tó ń dà yín láàmú, bí mo ṣe kà á, ni pé ìtàn tí olùkọ́ yìí sọ jẹ́ òótọ́, ẹ sì ti fi ojú ara yín rí ìwé rẹ̀, nítorí náà ó jọ pé ohun tó ń tà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn. Pé ìjọba kan fi owó dán nǹkan wò kò fi hàn pé nǹkan náà ṣiṣẹ́, bí ó bá sì tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, ìyẹn kò ní ká lè kọ́ ẹlòmíràn kí ó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ yín ní ẹ̀rí tó dájú lórí ìtàn, ẹ̀rí tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí agbára náà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀rí kankan lórí kíkọ́ni, bẹ́ẹ̀ kíkọ́ni ni ó ń gba owó lé lórí.

Ìtàn náà nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìròyìn ń dé etí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà pé ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń náwó lórí ìwádìí agbára ọkàn. Kò sí ọ̀gágun tó fẹ́ kí ọ̀tá ní ohun tí òun kò ní, bí ohun náà tilẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín. Ní 1972, CIA fún Stanford Research Institute, tó wà ní Menlo Park ní California, lówó díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Onímọ̀ físíìsì méjì tí iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ lórí iná lésà, Harold Puthoff àti Russell Targ, ni wọ́n darí rẹ̀. Àwọn tó lókìkí jù nínú àwọn tí wọ́n dán wò ni Ingo Swann, ayàwòrán kan láti New York, àti Pat Price, ẹni tó ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá rí ní ìlú Burbank. Nígbà tí ó di ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn ológun dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ ní Fort Meade ní ìpínlẹ̀ Maryland. Orúkọ ẹ̀ka náà ń yí padà bí ọ̀gá ṣe ń yí padà: Gondola Wish, Grill Flame, Center Lane, Sun Streak, títí ó fi dé Star Gate tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ ogun kan nínú wọn, Joseph McMoneagle, gba àmì ẹ̀yẹ Legion of Merit. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1995, owó tó ti bá a lọ tó 20 mílíọ̀nù dọ́là. Owó ńlá ni létí èmi àti ẹ̀yin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ajagun kan ṣoṣo lè ná ìjọba yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi iye owó náà díwọ̀n bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ tó.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ogun náà yẹ fún àlàyé, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Swann àti Puthoff ṣètò ọ̀nà kan tó ní ìpele mẹ́fà. Aríran yóò jókòó ti tábìlì pẹ̀lú bírò àti tákàdá funfun, olùdarí yóò sì ka nọ́ńbà kan fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, nọ́ńbà ìlà ìbú àti ìlà òòró ayé ni wọ́n ń lò. Nígbà tó yá, wọ́n fi nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kankan rọ́pò rẹ̀, kí ẹni tó mọ àwòrán ilẹ̀ ayé dáadáa má bàa fi ọgbọ́n orí mọ ibi tí wọ́n ń sọ. Bí ó bá ti gbọ́ nọ́ńbà náà, yóò fa ìlà kan wéré láìronú. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn nípa àwọ̀, òórùn, ooru tàbí òtútù, àti bí nǹkan náà ṣe rí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà yóò kọ gíga àti ìbú rẹ̀, títí yóò fi dé ìpele tí yóò ti máa fi amọ̀ mọ ohun tó rí. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ dárúkọ nǹkan náà. Bí ọkàn rẹ̀ bá sọ fún un pé afárá ni, yóò kọ "afárá" sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìdíwọ́, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni nípa bí ojú àti ọpọlọ ṣe ń ríran, mo yin Swann fún òfin yìí. Ọpọlọ máa ń yára sọ nǹkan lórúkọ kí ó tó wò ó tán, ẹni tó bá sì lè dá a dúró yóò ṣàkíyèsí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù lórí tákàdá nígbà tí a bá ti yọ orúkọ kúrò: ohun gíga, líle, aláwọ̀ eérú, atẹ́gùn ń fẹ́ lókè rẹ̀, ènìyàn ń rìn nísàlẹ̀. Kí ni mo ṣàpèjúwe yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn lè ní Cocoa House ni. Ará Abẹ́òkúta yóò ní Òkè Olúmọ ni, ará Èkó yóò sì ní afárá ni. Nígbà tí mò ń kọ́ni ní yunifásítì, mo máa ń pín irú àpèjúwe báyìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ẹnì kan kàn kọ láìní ibì kankan lọ́kàn, n ó sì fún apá kan kíláàsì ní fọ́tò kan, n ó fún apá kejì ní fọ́tò mìíràn pátápátá. Apá méjèèjì máa ń rí ibi tó ti bára mu, wọ́n a sì máa fi ìka tọ́ka sí i pẹ̀lú ìdánilójú. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni láti wá ìbátan láàárín ohun méjì tí a bá gbé síwájú rẹ̀, kò sì ní sinmi títí yóò fi rí i. Bí ẹ bá wá lọ sí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí ẹ ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí olùkọ́ sì ń ṣí fọ́tò hàn yín lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ó máa rí i pé ẹ ń ṣe dáadáa sí i. Ohun tó ń pọ̀ sí i ni iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ sórí tákàdá, bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣe ń pọ̀ ni àǹfààní ìbáramu ń pọ̀.

Ojú yìí ni kí ẹ fi wo àwọn ìtàn àṣeyọrí tí ẹ ó gbọ́ níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1974, wọ́n fún Price ní nọ́ńbà ibì kan nítòsí Semipalatinsk, níbi tí Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe iṣẹ́ àṣírí, ó sì ya kírénì ràbàtà kan tó ń yí lórí irin. Kírénì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwòrán sátẹ́láìtì fi í hàn. Èyí tí wọn kì í fi kún ìtàn náà ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí ó sọ nípa ibẹ̀ kò tọ̀nà, ẹni tó bá sì gba ìròyìn rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà kò lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, àyàfi bí ó bá ti ní àwòrán sátẹ́láìtì lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì ti ní i, kí ni ó tún ń wá aríran sí? Ìtàn kejì ti ẹnu Jimmy Carter jáde. Ní 1995, nígbà tí ó ti kúrò nípò Ààrẹ Amẹ́ríkà tipẹ́, ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọkọ̀ òfurufú kan já sínú igbó ní Zaire, sátẹ́láìtì kò rí i, obìnrin kan sì bọ́ sínú ìran, ó pe nọ́ńbà ìlà ilẹ̀, wọ́n sì bá ọkọ̀ náà níbẹ̀. Ẹ̀rí Ààrẹ kì í ṣe ohun tí èmi yóò pè ní irọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan ṣoṣo ni, a kò sì lè wọ̀n ọ́n láìka àwọn ìgbà tí wọ́n béèrè tí wọn kò rí nǹkan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1981, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Red Brigades jí Ọ̀gágun James Dozier gbé ní Verona ní Ítálì, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún àwọn aríran Fort Meade. Lẹ́yìn ọjọ́ 42, àwọn ọlọ́pàá Ítálì já wọ ilé kan ní Padua, wọ́n sì yọ ọ́ láàyè. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ti mú ni ó gbé wọn débẹ̀.

Àwọn ìdánwò inú yàrá ìwádìí ńkọ́? Àwọn tó wà ní Menlo Park mọ̀ pé ìtàn kò tó ẹ̀rí, nítorí náà wọ́n ṣe é báyìí: wọ́n rán ẹnì kan lọ sí ibì kan, aríran ṣàpèjúwe ibẹ̀ láti inú yàrá, wọ́n sì kó àwọn àpèjúwe fún adájọ́ láti so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Àbájáde rẹ̀ dára gan-an, títí David Marks àti Richard Kammann, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì ní Yunifásítì Otago ní New Zealand, fi gbìyànjú láti ṣe é tí kò bọ́ sí i fún wọn. Wọ́n wá ka díẹ̀ nínú ìwé àpèjúwe ti Menlo Park fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ tó ń tú àṣírí wà nínú rẹ̀: ẹnì kan mẹ́nu kan ibi tí wọ́n lọ lánàá, òmíràn jẹ́ ká mọ ìjókòó wo ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ àwọn ibi náà wà lọ́wọ́ adájọ́ ní ìtẹ̀léra tí wọ́n fi lọ síbẹ̀. Marks fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nìkan so àpèjúwe mọ́ ibi tó yẹ, láìfi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Wọ́n gbé èyí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1978. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni rẹ́ni jẹ. Ṣíṣe ìdánwò tí nǹkan kò ní jò nínú rẹ̀ ṣòro ju bí ẹni tí kò ṣe é rí ṣe lè rò lọ.

Lẹ́yìn náà wọ́n dí àwọn ihò wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 1995, CIA ní kí iléeṣẹ́ ìwádìí American Institutes for Research yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n sì pe ènìyàn méjì: Jessica Utts, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ statistics ní Yunifásítì California ní Davis, àti Ray Hyman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Oregon. Utts ní àbájáde náà ga ju ohun tó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ, àti pé a ti lè gbà pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Hyman ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó darí ìwádìí náà ló tún ń ṣe adájọ́ nínú àwọn ìdánwò ìkẹyìn, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tó tún un ṣe. Síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé òun kò lè fọwọ́ sọ àbùkù kan pàtó nínú àwọn ìdánwò tuntun náà. Ti Hyman ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún yín pé ti Utts jẹ́ ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan. Ní ti iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀, ìròyìn náà ní ọ̀rọ̀ àwọn aríran kò ṣe kedere, pé nígbà mìíràn wọ́n ti mọ nǹkan nípa ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó jókòó, àti pé kò sí ìgbà kankan tí ohun tí wọ́n sọ darí iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ apá tó kàn yín jù. Nínú ìròyìn Utts, ẹni tó gbà pé agbára náà wà, ó to ohun tí àwọn olùwádìí ti rí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹẹsẹ. Nínú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100 ni wọ́n ní ó ń ṣe dáadáa léraléra. Ó wá sọ pé ìdánrawò àti oríṣiríṣi ọ̀nà ẹ̀kọ́ tí wọ́n lò kò fi bẹ́ẹ̀ mú ẹnikẹ́ni tẹ̀ síwájú, àti pé ó jọ pé ó rọrùn láti ṣàwárí ẹni tó lè ṣe é ju láti kọ́ ènìyàn ní i lọ. Alátìlẹ́yìn tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ náà ló sọ èyí, nínú àwọn ìwé kan náà tí olùkọ́ yín ń fi polówó ọjà. Mi ò rò pé ó ti kà á débẹ̀, tàbí kẹ̀ ó kà á, ó sì fò ó.

Ní ti àwọn ìwé tí ẹ rí, ní oṣù kìíní ọdún 2017 ni CIA gbé ìwé tó lé ní 12 mílíọ̀nù ojú ewé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Star Gate sì wà lára wọn. Àkọsílẹ̀ ìjókòó, lẹ́tà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ìbéèrè owó àti àtakò ló kún inú rẹ̀. Òǹtẹ̀ ìjọba lórí ìwé ń jẹ́rìí pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò jẹ́rìí pé ohun tí aríran rí wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dọ́là ni mo mọ̀ pé ó fà yín jù. Wọ́n ti dán an wò ṣáájú yín. Ní 1982, Targ, tó ti kúrò ní Menlo Park, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ó sórí ọjà fàdákà. Wọ́n yan ohun kan tí yóò dúró fún "fàdákà á wọ́n" àti òmíràn tí yóò dúró fún "á já wálẹ̀", aríran a sì ṣàpèjúwe èyí tí wọn yóò fi hàn án lọ́jọ́ iwájú. Ìgbà 9 ni wọ́n sọ ọ́, ìgbà 9 náà ni ó ṣẹ, wọ́n sì jèrè ju 100,000 dọ́là lọ. Nígbà tí wọ́n tún gbìyànjú ní ọdún tó tẹ̀lé e, kò ṣẹ mọ́. Ìdajì àkọ́kọ́ ìtàn yìí ni ẹ ó máa gbọ́ nínú ìpolówó, ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń ṣe fọ́rẹ́ẹ̀sì mọ irú ẹni tó máa ń fi àkáǹtì ọdún tó dára nìkan han èèyàn.

Mi ò ní fi gbogbo èyí dá ìyá yín àgbà lẹ́jọ́. Ìran nínú ìjọ ń wá pẹ̀lú àdúrà, ó ń wá fún ẹnì kan nípa ìṣòro rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́wọ́ ìjọ. Irinṣẹ́ tí mo fi ń ṣe ìwádìí kò dé ibẹ̀, mi ò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé ó dé ibẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ìran ìyá yín kò ti ẹ̀kọ́ yìí lẹ́yìn. Swann tẹnu mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ, láìjẹ́ pé a bí i mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, ẹ kò nílò olùkọ́ yìí. Bí ẹ bá sì gbà pé ẹ̀kọ́ ni, kò sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà fi kún un.

Nítorí náà, ẹ má san owó náà. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìwé ìlànà tí ẹ̀ka ológun náà kọ ní 1986 ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́, ìpele mẹ́fà tí mo sọ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè kà á kí ẹ sì máa dán an wò nílé, kò ní pa yín lára. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ túbọ̀ máa ṣàkíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìdánwò náà le. Kí ọ̀rẹ́ kan wá fọ́tò márùn-ún tí kò jọra rárá, kí ó ju dáìsì lúdò láti yan ọ̀kan, kí ó tún un jù bí ó bá bọ́ sórí 6, kí ó sì fi èyí tó yàn pamọ́ sínú àpò lẹ́tà láìwá sọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹlòmíràn tí kò mọ èyí tí wọ́n yàn ni kí ó gba ìwé yín àti fọ́tò márààrún, kí ó sọ èyí tó bá ìwé náà mu jù. Ẹ lo fọ́tò tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é ní ìgbà 20. Ẹni tí kò rí nǹkan kan yóò mú nǹkan bí 4. Bí ẹ bá mú 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn jẹ́ ohun tí orí-ire lásán lè ṣe nígbà 1 péré nínú 100. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé ìgbà 20 ni, ẹ má dúró níbi tí ó bá ti dùn.

Ẹ sì lè fi ìdánwò yìí lọ olùkọ́ náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, kí òun fúnra rẹ̀ ṣe é. Bí ó bá ní iyèméjì máa ń lé ìran lọ, ẹ dá a lóhùn pé irú ìdánwò báyìí, fọ́tò kan láàárín fọ́tò márùn-ún, ni wọ́n fi ń dán àwọn tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí wò. Iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Bírítéènì náà ṣe irú èyí ní nǹkan bí 2002. Àwọn tó ń polówó ara wọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè kọ̀, wọ́n sì wá fi àwọn tí kò ní ìrírí ṣe é láìrí ohun tó wúlò. Bí ti yín bá gbà, tí ó sì mú 9, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi padà, nítorí èmi náà á fẹ́ bá a jókòó.